Aṣọ Ilẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀wàrà, tí òjò ti ń ronú àtilọ,
lẹ́tà Fọlárìn dé sí Orù láti ìlú òtútù.
Ẹ̀kúnwọ́ kóró kan wà nínú rẹ̀, ó gùn, ó tín-ín-rín,
àwọ̀ rẹ̀ bí eérú tí ìrì sẹ̀ sí.
"Ọkà ráì nìyí," ni ó kọ.
"Bí òtútù bá ń bọ̀ ni wọ́n ń gbìn ín níbí.
Yìnyín á bò ó mọ́lẹ̀, kò ní kú.
Gbòǹgbò rẹ̀ á di ilẹ̀ mú títí ojú ọjọ́ yóò fi là."

Àǹtí Efúnyẹmí ní kí n tún un kà.
Mo tún un kà.
Ó ní, "Ta ní wá ń jẹ ẹ́?"
Mo ní ilẹ̀ ni.
Ó ń fi èékánná ha gàrí tó gbẹ mọ́ etí agbada.
Ó pẹ́ kó tó ní, "Ilẹ̀ náà a máa jẹun."

Oko wa wà lọ́nà Awà,
lórí ìdagẹ̀rẹ̀ tó kọjú sí odò.
Ọdọọdún là ń kó àgbàdo, tí à ń sun pòròpórò,
tí à ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò fún ọyẹ́.
Ọyẹ́ á lá a títí yóò fi sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbà.
Bí àkọ́rọ̀ bá dé, odò á pọ́n bí osùn,
èmi á dúró létí rẹ̀, máa wò ó:
oko wa ló ń kọjá lọ yẹn.

Àǹtí fọ́n ráì sí ebè mẹ́ta.
Ó hù, bí irun ọmọ tuntun.
Odùbóte, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, bẹ̀rẹ̀, ó wò ó:
"Kí rèé? Koríko lẹ ń gbìn?
Èmi ń sanwó kí wọ́n lè bá mi ro tèmi kúrò!"
A rẹ́rìn-ín títí.
Kí oṣù tó parí, oòrùn ti pa gbogbo rẹ̀.
Òtútù ló ń retí. Òtútù Orù
kò ju kí èèyàn wá ẹ̀wù kejì lọ.

Àǹtí wọlé, ó gbé kèrègbè pòpòǹdó jáde.
Ó ní ẹni tí kò ní búláńkẹ́ẹ̀tì, kó fi ìró bora.
Òjò mẹ́ta péré ló kù.
A gbìn ín sáàárín pòròpórò tí a kò sun.
Ó rá, ó nawọ́ mú igi, ó gùn ún, ó tún sọ̀kalẹ̀.
Nígbà tí ètè gbogbo Ìjẹ̀bú ń bó,
mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé:
ilẹ̀ tutù. Ekòló kan yíra padà
bí ẹni tí wọ́n jí láìtọ́jọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dára o.
Ewúrẹ́ jẹ lára rẹ̀. Apá ọ̀dọ̀ odò kò hù rárá,
a kò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní.

Ẹrẹ́nà ló le jù.
Ó ti tanná, àwọ̀ àlùkò, oyin kún orí rẹ̀.
Àǹtí gbé àdá.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ ó so."
Ó ní, "Bó bá so, a ó jẹ ẹ́.
Kí ni ilẹ̀ ó wá jẹ?"
A gé e. A tẹ́ ẹ síbẹ̀ bí ẹní.
Omi bọ́ lójú mi, mo ní eruku ni.

Àkọ́rọ̀ rọ̀ lóru. A sáré lọ láàárọ̀.
Odùbóte dúró létí odò,
ó ń wo oko rẹ̀ tó ń lọ sí ọ̀sà.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Àǹtí bu pòpòǹdó ẹ̀kúnwọ́ méjì fún un.

Lálẹ́, ó ní kí n kọ̀wé sí Fọlárìn:
ráì rẹ̀ kú, kó má bínú.
Kó rí i pé òun náà ń bora.